Ọmọ ọdún 4 tó ní ọ́tísìmù (autism) kì í wo àtẹ àwòrán tí a lẹ̀ mọ́ ògiri

Ìyá Àyànkẹ́: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yìí kò tíì pọ̀. Àwòrán 10 nípa ohun tó máa ń ṣe la tò, láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó máa sùn, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀. Kì í wò ó. Bí wọ́n bá ní kó lọ wẹ̀, igbe ló máa ń fi ta. Ṣé àwòrán ni kò dáa ni, àbí ọmọ ló ṣì kéré?

Olùkọ́ Àkànṣe: Ẹ kú làálàá, mà. Ọmọ kò kéré, àwòrán ló pọ̀ jù. Ẹ ká gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ mú páálí kan, ẹ fa ìlà sí àárín: òsì ni “kọ́kọ́”, ọ̀tún ni “lẹ́yìn náà”. Ohun tí kò fẹ́ wà lósì, ohun tó fẹ́ràn wà lọ́tùn-ún: ìwẹ̀, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù. Kí ìwẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ má pẹ́ rárá. Bí bọ́ọ̀lù kò bá tètè dé, kò ní gba páálí yẹn gbọ́ mọ́. Ìgbà tó bá ń tẹ̀ lé e láìjà ni kí ẹ sọ àwòrán náà di mẹ́ta.

Fún àwòrán ìwẹ̀, garawa tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi fóònù yà, kí nǹkan mìíràn má hàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí fọ́tò kò bá tíì yé e, ẹ fi nǹkan náà fúnra rẹ̀ lé e lọ́wọ́: kànìnkànìn fún ìwẹ̀, ṣíbí fún oúnjẹ. Ẹ fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ bo fọ́tò tojú tẹ̀yìn, torí omi àti itọ́. Tí ẹ bá lo Velcro (téèpù alápá méjì tó ń lẹ̀ mọ́ra, apá kan le, èkejì rọ̀), ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kó wà lẹ́yìn gbogbo káàdì fọ́tò. Bí ẹ bá dà á pọ̀, òmíràn ò ní lẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má gbàgbé àpò “ó tán” o. Ẹ lẹ àpòòwé kan mọ́ ìsàlẹ̀ páálí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó yọ káàdì, kó jù ú síbẹ̀. Bí káàdì ìwẹ̀ bá ṣì wà lójú páálí lẹ́yìn ìwẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti parí?

Ẹ tún dín ọ̀rọ̀ kù. Tí ẹ bá ń tún “lọ wẹ̀, lọ wẹ̀” sọ, ohùn yín ló máa dúró dè, kì í ṣe àwòrán. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ rọra darí ìgúnpá rẹ̀ sí káàdì. Bó bá já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ẹ fi sílẹ̀, ẹ nàka sí káàdì. Díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní nàka mọ́.

Ìyá Àyànkẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Bí iná bá wá lọ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ló kàn ńkọ́?

Olùkọ́ Àkànṣe: Ẹ ṣe káàdì ìyípadà, àmì pupa kan ti tó. Lójú rẹ̀ ni kí ẹ ti fi bo káàdì tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì fi ohun mìíràn tó fẹ́ràn sí i, kì í ṣe iṣẹ́. Àmọ́ ẹ má dúró di ọjọ́ tí iná bá lọ kí ẹ tó kọ́ ọ. Ìyípadà tó dùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ bo “kó ìṣeré jọ”, ẹ fi bísíkíìtì rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ìjákulẹ̀ nìkan ló ń rí pupa yẹn, rírí rẹ̀ lásán á tó láti mú un sunkún. Ẹ má sì yọ káàdì bọ́ọ̀lù láti fi jẹ ẹ́ níyà láé.