Ṣé dúkìá ìjọba ni, àbí ohun àjùmọ̀ní?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń wá: pé bí ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà n'Íbàdàn bá kó àkọsílẹ̀ ọjà, gáréèjì, mọ́tò àti ilé ìwòsàn wọn kúrò nínú ìwé sínú kọ̀ǹpútà, "ìṣàkóso dúkìá ìjọba lórí ẹ̀rọ ayárabíàṣá" ni ká máa pè é. Mi ò fara mọ́ ọn.

"Dúkìá ìjọba" ló dùn mí jù. "Dúkìá" fúnra rẹ̀ ò ṣàjèjì. Ta ni kò gbọ́ "ẹ̀mí àti dúkìá" rí lórí rédíò? Ṣùgbọ́n tí a bá ti fi "ìjọba" tì í, a ti fọwọ́ sí i pé ìjọba ló ni ín nìyẹn. Ẹ wo Àtẹ Kẹrin (Fourth Schedule) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999. Ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, odò ẹran àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò wà lára ohun tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ dá sílẹ̀, kó sì máa tọ́jú. Iṣẹ́ ni òfin gbé lé wọn lọ́wọ́. Àwa ará Ìbàdàn mọ ìyàtọ̀ yìí látinú agbo ilé: Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, ló ń mójú tó ilẹ̀ ẹbí, òun ló ń dúró fún un níta, síbẹ̀ kò tó o dá tà bí àwọn àgbà ẹbí ò bá fọwọ́ sí i. Ohun àjùmọ̀ní ni. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ fún ìsọ̀ ọjà àti fún katakata tó ń la ọ̀nà, kí ìyálọ́jà tó ń san owó ìsọ̀ lè béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ìdí kan náà ni mi ò fi fara mọ́ "ìṣàkóso." Àṣẹ ló wà nínú rẹ̀. "Àmójútó" ni mo fẹ́ dípò rẹ̀. Ó ní ojú nínú, iṣẹ́ ojú sì ni iṣẹ́ yìí: ọwọ́ ta ni mọ́tò yìí wà, ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, ṣé jẹnẹrétọ̀ tí ìwé ní ó wà ní ilé ìwòsàn ṣì wà níbẹ̀?

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ńkọ́? Fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí. Òṣìṣẹ́ á dúró níwájú kànga ẹ̀rọ ní Mọ́níyà, á ya fọ́tò rẹ̀, GPS á sì kọ ibi tó wà gan-an sílẹ̀. "Lọ́nà díjítà" tó mi.

Ẹnìkan tún pe nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù ní "àmì ìdánimọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, "ẹni" wà nínú ìdánimọ̀. Àga kì í ṣe ẹni. "Àmì ìdámọ̀" ni kó jẹ́.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ fún iye owó tó ń dín kù lára ohun èlò lọ́dọọdún. "Ìbàjẹ́" ni àbá tó wà nílẹ̀, ó sì máa ṣi akọ̀wé owó lọ́nà. Lábẹ́ IPSAS, ìlànà ìṣirò owó tí àwọn ìjọba ń lò, wọ́n máa ń pín iye tí wọ́n ra nǹkan sí iye ọdún tó máa fi wúlò. Bí katakata bá jẹ́ mílíọ̀nù 60 náírà, tí wọ́n sì ṣírò pé ọdún 10 ni wọ́n máa lò ó, tí iye rẹ̀ kò sì ní ku nǹkan kan lẹ́yìn náà, mílíọ̀nù 6 ni wọ́n á máa yọ lọ́dún, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tiẹ̀ ń dún geere. Kò bàjẹ́ rárá. Iye rẹ̀ ló ń jó rẹ̀yìn. Nítorí náà, "ìjórẹ̀yìn iye" ni mo dá lábàá. Ilẹ̀ kì í sábà ní in, a kì í lo ilẹ̀ tán.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta èyí tó ti gbó, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Gbàǹjo ti wà. Kí àkọsílẹ̀ kàn sọ ọjọ́ tí wọ́n lù ú ní gbàǹjo, ẹni tó rà á, àti iye tó san.

Ó ku ọ̀kan tí a ò tíì fọwọ́ kàn: ohun tó wà nínú ìwé àmọ́ tí wọn ò rí nígbà tí wọ́n lọ ka ẹrù. "Ohun tó sọnù" kò tó, torí ó lè jẹ́ ọ́fíìsì míì ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìkẹ́rùsí ìjọba ìbílẹ̀, kí lẹ máa ń pè é láàárín ara yín?