"Ojú síta" kọ́, "ojú ayàsẹ́bàátí" ni

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tí a kọ láti ọjọ́ Ajé lórí orúkọ tó yẹ kí a fún ohun tí àwọn oníṣègùn ojú ń pè ní exotropia, ìyẹn ojú tó máa ń yà kúrò níbi imú lọ sí ìhà etí. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣómólú ní "ojú wíwọ́" ti tó. Àbúrò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ká pè é ní "ojú síta", torí pé ohun tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà wí gan-an nìyẹn: exo ni òde, trope ni yíyí. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan.

"Ojú wíwọ́" dára, àmọ́ gbogbo ojú tí kò gún ló kó pọ̀: èyí tó ń lọ síbi imú, èyí tó ń lọ sókè, èyí tó ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ ìdílé. Àwọn ọmọ inú ẹ̀ la ń sọ lórúkọ lónìí.

"Síta" ló ń bí mi nínú. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 4, lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gba. Ìyá àgbà rẹ̀ tẹ̀lé wa. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ fún màmá pé, "Ojú ọmọ yín máa ń lọ síta." Màmá ká ọwọ́ lérí: "Yéè! Ṣé kò ní já bọ́?" A rẹ́rìn-ín. Màmá ò bá wa rín in, òun ló sì gbọ́ Yorùbá jù wá lọ. Bí a bá ní ojú ẹnì kan yọ síta, ẹyinjú tó ń ti inú ihò rẹ̀ bọ̀ là ń sọ, àìsàn mìíràn gbáà nìyẹn. Imú ni àwọn oníṣègùn fi ṣe àárín; ohun tó bá jìnnà sí i ni wọ́n ń pè ní òde. Ta ló sọ ìyẹn fún màmá? (Ẹni tó dá "ojúde" lábàá, ẹ ṣé o. Ẹṣin àti agbádá ni mo kọ́kọ́ rí.)

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká dárúkọ ibi tí ẹyinjú ń lọ lára gan-an: ẹ̀bátí. "Ojú ayàsẹ́bàátí." Èyí tó ń lọ síbi imú á jẹ́ "ojú ayàsímú". Ayàsókè àti ayàsísàlẹ̀ á tẹ̀lé e láìsí wàhálà. "Yà" yìí náà ló wà nínú Ìyànà Ìpájà, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń wọ dáńfó. Mo sá fún "ìyàsẹ́bàátí" torí pé "ìyà" ni etí á kọ́kọ́ gbọ́.

Ti ọmọ wa kì í yà ní gbogbo ìgbà. Bó bá rẹ̀ ẹ́, bí ara rẹ̀ ò bá yá, tàbí bó bá ń wòkè láìronú nǹkan kan, ojú òsì á rọra yà. Bí a bá pè é, á padà. Nínú oòrùn, á di ojú kan. Irú èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú ayàsẹ́bàátí àwọn ọmọdé. Mo pè é ní "ayàsẹ́bàátí àlọbọ̀". Èyí tí kì í padà mọ́, "ayàsẹ́bàátí àyàdúró".

Ẹ jọ̀ọ́, ká pa "ọ̀lẹ ojú" tì, orúkọ tí a fi ń túmọ̀ lazy eye (amblyopia), ojú tí kò ríran dáadáa torí pé ọpọlọ kì í lò ó. Ojú kì í ṣọ̀lẹ. Ọpọlọ ló pa á tì, tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìkejì nìkan. "Ojú àpatì" ni mo fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo ojú tó dáa fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kí ọpọlọ lè padà sọ́dọ̀ èyí tó pa tì.

Ti iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ẹnì kan kọ "gígé iṣan ojú", ẹ̀rù á sì ba ìyá ọmọ kó gbé ọmọ sá. Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń fà á sẹ́bàátí ni wọ́n máa ń tú ní ìdí, bí aránṣọ ṣe ń tú bọ́tìnì tó há, wọ́n á sì rán an padà mọ́ ẹyinjú, sẹ́yìn díẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí agbára rẹ̀ lè dín. "Sísún iṣan sẹ́yìn" nìyẹn. Nígbà mìíràn wọ́n á gé díẹ̀ kúrò lára èyí tó ń fà á síbi imú, kó lè le sí i: "kíké iṣan kúrú". Wọn kì í yọ ẹyinjú jáde o. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló sì ń dé ibẹ̀. Awò máa ń tó fún òmíràn.

Ohun méjì péré tí mi ò ní kí a dúró fún orúkọ wọn ni ọmọlójú ọmọdé tó bá ń tàn funfun, àti àgbà tí ojú rẹ̀ ṣàdédé yà tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Mo dán ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dọ̀ màmá lánàá. "Màmá, ojú ayàsẹ́bàátí, kí ni?" Ó fi ìka kan ẹ̀bátí ara rẹ̀, ó ní, "Ṣebí ti ọmọ yẹn ni." Ó kù sí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ "síta".