Ráàkì ámípù nínú gbọ̀ngàn ayẹyẹ: breaker ń já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀

Alámòójútó_Gbọ̀ngàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan n'Íbàdàn la fẹ́ to ẹ̀rọ sí. Ráàkì (àpótí irin tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí) 24U onítáyà ni; U ni ìwọ̀n gíga àyè inú rẹ̀. Ámípù mẹ́rin oní-transformer róbótó ló máa wọ̀ ọ́, 3U, kìlógíráàmù 30 lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú UPS (ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé iná dúró bí iná bá lọ) 3 kVA tó lé ní kìlógíráàmù 40, mixer àti rísífà máìkì. Wáyà 6 mm² kan ló ti DB (àpótí breaker ilé) wá, breaker B32 (irú B, ti 32A) ló wà lórí rẹ̀, extension la fi pín in. Bá a bá tan gbogbo rẹ̀ pọ̀, breaker á já kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹnì kan ní ká fi B63 rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká gé ẹsẹ̀ áàtì (ti wáyà ààbò tó wọnú ilẹ̀) lára plug nítorí spíkà ń dún "hùùù". Kí ni ká ṣe?

Oníwáyà:
Ẹ má gbé B63 síbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́! Wáyà inú ògiri ni breaker ń ṣọ́, kì í ṣe ámípù. 6 mm² á gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́, B63 ò sì ní já.

Transformer róbótó máa ń fa iná gan-an lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá tàn án, kó tó wálẹ̀. Mẹ́rin lẹ wá tàn pọ̀. Breaker B ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá di ìlọ́po 3 sí 5 nọ́ńbà ara rẹ̀. Ti C, ìlọ́po 5 sí 10 ni. Ẹ fa ìlà tuntun méjì láti DB, wáyà kọ́pà 4 mm², C20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ámípù méjì fún ìlà kan. Ẹ wá ra sequencer tó máa tan wọ́n tẹ̀ léra, ìṣẹ́jú àáyá 2 láàárín wọn. Láìsí i, ọjọ́ tí NEPA bá mú iná dé lójijì tí switch gbogbo wọn ṣì wà ní títàn, gbogbo wọn á tún gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Extension yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Plug 13A kan ò lè gbé ámípù mẹ́rin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúdú, ojú socket á yọ́. PDU ti ráàkì (àpótí socket tó ń pín iná fún ẹ̀rọ inú rẹ̀) ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú plug búlúù 32A. UPS wà fún mixer àti rísífà nìkan.

Irin_Ráàkì:
Ẹ kọ́kọ́ gbé ráàkì òfìfo sí àyè rẹ̀, ẹ ti táyà pa, ẹ fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ ògiri. UPS ni kó wà nísàlẹ̀ pátápátá (ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e, òun ló wúwo jù), ámípù tẹ̀ lé e, mixer lókè.

Ẹ má fi síkúrù iwájú mẹ́rin nìkan gbé ámípù ọlọ́gbọ̀n kìlógíráàmù. Etí irin iwájú rẹ̀ á tẹ̀, ẹ̀yìn á rọ̀ wálẹ̀. Rail tó gbé e láti iwájú dé ẹ̀yìn ló yẹ. Bẹ́ ẹ bá ń fi cage nut M6 (nọ́ọ̀tì oníkọ̀ọ́ tó ń wọ ihò ráàkì, tí síkúrù ń wọnú rẹ̀) sí i, kí ìkọ́ rẹ̀ dojú kọ ọ̀tún àti òsì. Tó bá wà lókè àti ìsàlẹ̀, ẹrù lè fà á bọ́. Ẹni méjì á gbé, ẹnì kẹta á kọ́kọ́ de síkúrù ìsàlẹ̀. Nígbà yíyọ, síkúrù ìsàlẹ̀ ló ń kẹ́yìn.

Alámòójútó_Gbọ̀ngàn:
Ẹ ṣé gan-an. Ariwo yẹn ńkọ́?

Áàtì_Dáadáa:
Ẹ má gé áàtì láéláé! Bí láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) bá kan ara irin ámípù kan, gbogbo ráàkì ló máa gbé iná, iná yẹn á gba wáyà máìkì dé ọwọ́ ẹni tó ń kọrin. Ariwo yẹn sábà máa ń wá nígbà tí mixer ń gba iná láti socket tó jìnnà sí ti ámípù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba iná níbì kan náà, kẹ́ ẹ sì lo wáyà XLR balanced (wáyà ohùn tó ń dín irú ariwo yẹn kù). Bó bá ṣì ń dún, audio isolator (tó ń gbé ohùn kọjá láìjẹ́ kí wáyà ẹ̀rọ méjèèjì kan ara wọn) ni kẹ́ ẹ fi sáàárín mixer àti ámípù.

Ẹ fi wáyà 6 mm² aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò so ara ráàkì mọ́ áàtì, kẹ́ ẹ sì ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kí irin lè kan irin. Bí áàtì ilé ò bá dáa, C20 lè má já nígbà tí láìfù bá kan irin, torí náà ẹ fi RCD (tó ń já bí iná bá ń jò) sí i.

Ẹ fi voltage protector (tó ń pa iná bí fóltì bá ga jù) sí i pẹ̀lú. Bí neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) bá já níta, ilé tó yẹ kó gba 230 V lè gba tó 400 V. Kẹ́ ẹ tó ki plug bọ̀ ọ́, ẹ wọn láìfù sí neutral, àti neutral sí áàtì: bí ti ẹ̀yìn yìí bá ju fóltì díẹ̀ lọ, ẹ má tan nǹkan kan títí oníná á fi rí ìdí rẹ̀.