Ìlọ́po ni, kì í ṣe ìsọdińlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Kí ni ká máa pe ohun tí ìwé bàọ́lọ́jì ń pè ní magnification, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye ìgbà tí àwòrán sẹ́ẹ̀lì fi tóbi ju sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ lọ? Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé ká pè é ní ìsọdińlá. Ẹlòmíì ní ìmúhàn ló dáa jù. Ẹ̀gbọ́n, mo júbà, ṣùgbọ́n mi ò lè fara mọ́ ìsọdińlá.

Ẹ mú àlùbọ́sà kan, ẹ là á, ẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, èyí tó ń dán bíi ọ̀rá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ kán áyódìn sí i, ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì á tò bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri, ẹ ó sì rí nùkílíọ́ọ̀sì bí ẹ̀kán kan nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá gbé ojú kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo gíláàsì náà. Awọ àlùbọ́sà ọ̀hún kò fi bín-ín-tín tóbi sí i. A kò sọ nǹkan kan di ńlá. Àwòrán tó wọ ojú wa ló tóbi, nọ́ńbà kan pàtó ló sì fi tóbi.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ìsọdińlá kò ní ibi tí yóò gbé e sí. Ńlá mélòó? Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé "ìsọdińlá irinwó" tí kò ní dà bíi pé ó ṣì ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ dé ọjà Kútọ̀, ẹ ó gbọ́ pé owó ata ti di ìlọ́po mẹ́ta, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Tí awò tó wà níbi ojú bá jẹ́ ìlọ́po 10, tí èyí tó dojú kọ awọ àlùbọ́sà sì jẹ́ ìlọ́po 40, iṣẹ́ àwọn méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ ìlọ́po 400, torí 10 lọ́nà 40 ni. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ìlú yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde lọ́dún 1859. Ìwé ìròyìn la ṣì ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ títí dòní, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ará ilé mọ̀ ni wọ́n so pọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ìsọdińlá jọ ìsọdipúpọ̀ jù. Ìsọdipúpọ̀ ni àwọn ọmọ ń lò nínú ìṣirò, òun náà ni wọ́n tún ń lò nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá pín sí méjì. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀kẹta kún un.

Ní ti ìmúhàn, kí ohun kan tóbi yàtọ̀ sí kó hàn. Àmì méjì tí àlàfo àárín wọn kò tó nǹkan bí 200 nànómítà, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa jẹ́ nínú máíkírósíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀, bó ti wù ká fẹ àwòrán náà tó. Ẹ fẹ̀ ẹ́ títí, bàìbàì ni yóò máa gbòòrò. Ẹ jẹ́ ká fi ìmúhàn pamọ́ fún agbára láti ya àmì méjì sọ́tọ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo àbá náà ni "ìwọ̀n ojúlówó" fún bí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹni tó bá ti ra àdìrẹ rí ní Ìtòkú mọ ẹnìkejì ojúlówó: ayédèrú ni. Ṣé àwòrán sẹ́ẹ̀lì wá di ayédèrú ni? Mílímítà 30 tí ọmọ fi rúlà wọ̀n lójú ìwé, òótọ́ ni. Ìwọ̀n ara àti ìwọ̀n àwòrán ni mo ń kọ sójú pátákó. Ìwọ̀n àwòrán, ẹ fi ìlọ́po pín in, ìwọ̀n ara ló kù. Ọmọ tó bá ti lóye ìlọ́po kò nílò kó há a sórí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni ẹ̀yọ ìwọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fún wọn ní àwòrán sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tó fẹ̀ tó mílímítà 30 lójú ìwé, ìlọ́po 4,000. Ọmọkùnrin kan pín in dáadáa, ó rí 0.0075, ó wá kọ máíkírómítà síwájú rẹ̀. Mílímítà ni! Mílímítà 1 jẹ́ máíkírómítà 1,000, nítorí náà 7.5 ni ìdáhùn. Mo ní kó fi tirẹ̀ wé ribosome, ohun tíńtín kan tó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 0.025 lọ. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Mà, sẹ́ẹ̀lì mi ti kéré ju ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì lọ." Ó mú rọ́bà, ó pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: ìlà kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, tí wọ́n kọ iye tí gígùn rẹ̀ dúró fún lára ohun tí a yà sí. Ìlà òdiwọ̀n ni mo ń pè é. Ọmọbìnrin kan fi fóònù ya àwòrán inú ìwé tí wọ́n kọ ìlọ́po 2,000 sí, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó sì bi mí bóyá 2,000 náà ni. Rárá o. Ìlà máíkírómítà 10 tó gùn tó mílímítà 20 nínú ìwé ti di mílímítà 40 lójú fóònù, ìlọ́po sì ti di 4,000. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò mọ̀ pé àwòrán ti fẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà náà bá a fẹ̀.

Ibi tí ìlọ́po ti ń yọ mí lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nínú ìdánwò WAEC, a kì í ya nǹkan kékeré nìkan. Bí ọmọ bá ya iṣu tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ 10, iye tí yóò kọ ni 0.25. Ìlọ́po ìdá mẹ́rin kò dùn létí. Ìdá mẹ́rin la máa ń pè é, láìsí ìlọ́po. Èmi ṣì ń kọ "ìlọ́po 0.25" sójú pátákó, kì í sì í tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan tó gba àlùbọ́sà tó sì gba iṣu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí a tó wọ sáà tó ń bọ̀.