Ọmọ mi pé oṣù 15, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ èéyi ń bà mí

Ìyá Fèyí:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ìsọ̀nà níbí ní Iléṣà ni mo wà. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 15 lọ́sẹ̀ tó kọjá, abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì ló kàn nínú káàdì rẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti bí i, mi ò jẹ́ kí ọ̀kan fò ó. Àmọ́ àbúrò ọkọ mi fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Obìnrin kan ń sunkún níbẹ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí ló fa ọ́tísímù fún ọmọ òun (ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe lè nira fún un), pé ọmọ tó ti ń pe "màmá" kàn dákẹ́ lójijì. Oorun ò kùn mí mọ́. Bí Fèyí bá ń ṣeré, màá máa pe orúkọ rẹ̀ léraléra kí n lè rí i pé ó bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Màmá Àgbà Ìlórò:
Ta ni yóò bú ẹ, ọmọ mi? Mo ti tó ọmọ ọdún méje nígbà tí èéyi wọ agboolé wa. Wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé torí ìmọ́lẹ̀ ń ta àwọn àbúrò mi lójú. Ẹnu Táyé kún fún egbò débi pé ẹ̀kọ tí ìyá wa ń fi ìka tọ́ sí i lẹ́nu, kò lè gbé e mì. Ó lọ lọ́jọ́ kẹsàn-án. Kẹ́hìndé yè é, ojú rẹ̀ ọ̀tún ò ríran mọ́ títí dòní.

Bàbá Tóbi:
Tóbi tèmi ní ọ́tísímù, ó ti pé ọdún 9. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ń bínú sí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan mo wá ń wo fídíò àtijọ́ nínú fóònù ìyá rẹ̀. Tóbi jókòó sórí ẹní, oṣù 8, kò tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi kankan. Ìyá àgbà ń pè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń mi ṣẹ́ẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára fáànù tó ń yí. Ó ti wà níbẹ̀, àwa la ò rí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé nǹkan "ba ọmọ jẹ́". Tóbi ò bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ìyá Fèyí, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ rèé. Ní 1998, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Andrew Wakefield, kọ̀wé sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, nípa ọmọ 12 péré, ó sì na ìka sí abẹ́rẹ́ alápapọ̀ èéyi, ṣegede àti rùbẹ́là. Àṣé ó ti ń gbowó lọ́wọ́ lọ́yà tó fẹ́ pe àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́, kò sì sọ ọ́ síta. Ní 2010, The Lancet fagi lé ìwé náà, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn dókítà Britain. Àwọn ará Denmark tọpa ọmọ 657,461, wọ́n gbé èsì jáde ní 2019: ọ́tísímù kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Àkókò ló ń tan àwa òbí. Oṣù 9 àti oṣù 15 là ń gún èéyi ní Nàìjíríà, ìgbà yẹn gan-an lọmọ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, tí ojú wa ń là sí ohun tó ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Màmá sì rán mi létí pé ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni Dókítà David Morley ti rí bí èéyi ṣe ń pa ọmọ wa, kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó dé.

Ìyá Ṣadé:
Kí ló wá dé tí ọ́tísímù fi pọ̀ báyìí?

Nọ́ọ̀sì Bísí:
A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá a mọ̀ ni. Nígbà kan, odi tàbí ọmọ àbámì là ń pè wọ́n, a sì ń fi wọ́n pamọ́ sí yàrá.

Ìyá Fèyí:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo kà á fún bàbá rẹ̀, káàdì ti wà nínú báàgì. Ṣé mo lè wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́?

Nọ́ọ̀sì Bísí:
Ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi omi gbóná jó ojú abẹ́rẹ́, ẹ má sì fi òróró ra á. Ibà lè mú un ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí i. Bí gìrì bá ti gbé e rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó gún un.