Férémù ATV mi wọ́ ní Mọ́níyà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí wọ́n tó fi iná kàn án

Ọmọ Mọ́níyà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Mo wà nílé n'Ìbàdàn báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí n padà sí Calgary. ATV, ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí mo fi kọ̀ńténà kó wálé fún iṣẹ́ oko ni mo yá ọ̀rẹ́ mi kan. Ó gbé èèyàn sẹ́yìn, ó ń sáré, ló bá kó sí gọ́tà. Orúnkún tó bó ni gbogbo ohun tó ṣe àwọn méjèèjì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n imú ẹ̀rọ náà ti yí sápá òsì, táyà iwájú ń ha fẹ́ńdà. Wẹ́dà kan ládùúgbò ní òun á fi iná mú un rọ̀, òun á sì lù ú padà sípò lónìí. Ṣé kí n gbà fún un?

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Gate n'Ìbàdàn níbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó wá sí Manchester. Má tíì gbà. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò mọṣẹ́, kò tíì wọ̀n ọ́n ni. Ó lè jẹ́ áàmù (apá irin tó so táyà mọ́ férémù) tàbí táì-rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú) nìkan ló tẹ̀, kí férémù má ṣe nǹkan kan. Tó bá wá gbé iná lé férémù tó dára, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Tú fẹ́ńdà, táǹkì, bátìrì àti àwọn áàmù kúrò. Fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dáadáa. Wá fi téèpù wọ̀n láti ihò bóòtù áàmù iwájú lọ́wọ́ òsì dé ihò bóòtù ti ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, kí o sì wọ̀n èkejì tó dábùú rẹ̀. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ìdí àwọn etí tí áàmù so mọ́. Ibẹ̀ ló sábà máa ń ya.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò, owó ńkọ́? Èmi náà yá èèyàn ní jẹnẹrétọ̀ rí, a ò sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ tó bàjẹ́, títí dòní a ò lè sọ ọ́ mọ́, ó sì ń dùn mí. Pe ọ̀rẹ́ rẹ wá sídìí ẹ̀rọ náà kí ẹ jọ wọ̀n ọ́n. Tó bá fojú ara rẹ̀ rí i, kò ní rò pé ò ń bu owó lé òun lórí.

Ọmọ Mọ́níyà: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ó wá láàárọ̀ yìí, òun ló di ẹnu téèpù kejì mú. Ìdábùú kan 1,043, èkejì 1,029. Mílímítà 14! Etí ìsàlẹ̀ lápá òsì ti ya, ó sì lanu díẹ̀. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, apá kan ń dán bí irin tuntun, apá kejì ti dúdú, ìpẹtà ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ títí, ó wá ní òun á san gbogbo owó rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà: Dúró ná. Apá tó dúdú yẹn ti ya tipẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ tó gùn ún. Èyí tó ń dán ni ti gọ́tà yìí. Sọ fún un, ó yẹ kó mọ̀.

Ní ti iṣẹ́ náà: kí wọ́n de férémù mọ́ irin tó nípọn, kí wọ́n fi jáàkì tì í ní tútù, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tì í kọjá ibi tó yẹ díẹ̀, torí irin máa ń fà padà. Kí wọ́n dẹ jáàkì, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ó lè gba ìgbà mẹ́wàá, kò burú. Ìgbà tó bá dọ́gba ni kí wọ́n tó jó etí tó ya yẹn pọ̀: kí wọ́n ha ọ̀dà tán, kí wọ́n lu ihò kékeré sí ìparí ibi tó ya kó má baà tún máa ya lọ, kí wọ́n yún un ní V kí iná lè wọnú. Ẹlẹ́kítíróòdù 7018 (ọ̀pá tí wẹ́dà fi ń jó irin) ni kí wọ́n lò, kó gbẹ dáadáa. Tí wọ́n bá jó o tán, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i o! Kó tutù fúnra rẹ̀.

Táì-rọ́ọ̀dù tó bá ti tẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ. Ra òmíràn ní Gate, tòkunbọ̀ tó bá tọ́ dára. Ìbéèrè kan: ta ló fẹ́ táyà rẹ̀?

Ọmọ Mọ́níyà: Fọkanáísà ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n: 30 psi, bíi ti mọ́tò. Ohun tí wọ́n kọ sára ATV náà ni 5. Wọ́n sì kọ ọ́ sára ìjókòó pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa gùn ún. Èmi ò sọ ìkankan fún un nígbà tí mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Torí náà, mo ti sọ fún un pé ìdajì ló máa san, kò fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n mo dúró lórí rẹ̀. Lọ́la a jọ ń lọ sí Gate lọ wá táì-rọ́ọ̀dù.