Ilẹ̀ aláwọ̀ méjì àti àpáàdì tó fi ẹ̀gbẹ́ dúró nínú kòtò kan náà: kí ló kàn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún2

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-Ifẹ̀ la ti ń ṣe iṣẹ́ pápá akeọ́lọ́jì, ìyẹn wíwá ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀. Kòtò wa jẹ́ mítà 2 sí mítà 2, sẹ̀ǹtímítà 10-10 la sì ń wà á. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé sẹ̀ǹtímítà 60, apá ìwọ̀ oòrùn ṣú dúdú, ó rọ̀. Apá kejì pupa, ó le. Àpáàdì bíi mẹ́rin wá yọrí níbi tó le, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ dúró. Ọ̀gá wa ní ká dáwọ́ dúró. Ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ dé 60 ná? Kí sì ni kí n kọ sínú ìwé? Lójú tèmi, ìwé kíkọ ti fẹ́ pọ̀ ju ilẹ̀ wíwà lọ.

Èèkàn_Mẹ́rin

Àbúrò, ọ̀gá yín ṣe é re. Àwọ̀ méjì lójú ilẹ̀ kan náà sábà máa ń jẹ́ pé ẹnìkan ti gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀ pupa yẹn rí, tí nǹkan mìíràn sì wá dí i. Bí ẹ bá fi ipá dé 60, ohun inú kòtò náà àti ohun inú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ yóò jọ bọ́ sínú ọ̀rá kan. Ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lè wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó máa lè yà wọ́n mọ́.

Ẹ fi ẹnu trowel họ ojú ilẹ̀ náà, ẹ máa fà á sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má gún un. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wò ó, torí oòrùn ọ̀sán gangan máa ń pa àwọ̀ ilẹ̀ rẹ́. Tó bá ti gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i fẹ́rẹ́. Ẹ fi ṣóńṣó trowel fa ilà yí ibi tó dúdú ká, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n àti àmì àríwá, kí ẹ yà á sórí pépà gíráàfù ní 1:20 (sẹ̀ǹtímítà 1 lórí pépà dúró fún 20 nínú ilẹ̀), kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ohun tó dé kẹ́yìn la máa ń kọ́kọ́ kó. Nítorí náà, ìdajì ohun tó dí kòtò yẹn ni kí ẹ kó, kí ẹ ya ojú ibi tí ẹ gé ní 1:10, kí ẹ tó kó ìdajì tó kù.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi tó dúdú ni kòtò. Ihò òkété máa ń yà gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ilẹ̀ inú rẹ̀ kì í dì, ẹ sì lè bá èèpo ekùrọ́ tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀. Ṣaláńgá máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀. Àwọn tó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ náà ti gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri Ifẹ̀, pàápàá nígbó Olókun. Tí ẹ bá rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nísàlẹ̀, àṣírí ti tú.

Ẹ má ṣe wọn jíjìn láti ojú ilẹ̀, torí ojú ilẹ̀ kì í tẹ́jú. Orí èèkàn kan tí kò ní mì, lẹ́yìn kòtò, ni kí ẹ ti máa wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú okùn àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó ń fi hàn bóyá okùn náà tẹ́jú. Bí okùn bá dẹ̀ láàárín, ìwọ̀n yín á fi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta parọ́. Ẹ tún wọn kòtò náà láti igun dé igun: bí kò bá jẹ́ mítà 2.83, kò gún.

Ìyá_Àpáàdì

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti kòtò. Àpáàdì yẹn ló ká mi lára. Èyí tí wọ́n dà nù máa ń sùn lélẹ̀ ni. Èyí tó fi ẹ̀gbẹ́ dúró ní ìlà lè jẹ́ ilẹ̀ alápàáàdì, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, irú èyí tí akeọ́lọ́jísì Frank Willett wà jáde ní Ìta Yemòó nínú Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Wọ́n sábà máa ń tò ó bí eegun ẹja, wọ́n sì lè fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun là á láàárín. Ìtàn ìlú fi í sọrí Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Ilẹ̀ ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín, ọjọ́ orí nìkan ló lè sọ.

Ẹ gbé trowel sílẹ̀ níbẹ̀. Igi oparun tẹ́ẹ́rẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ má yọ ọ̀kan nínú wọn láti wò ó: bí ọ̀kan bá kúrò, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ́ pákó lé e. Ẹ wá ibi tí etí rẹ̀ parí sí, torí ibẹ̀ lẹ ti lè rí àmì ògiri. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ ọn. Lọ́sàn-án, ẹ fi àpò tútù bò ó.

Kòtò dúdú yẹn náà lè ṣe yín láǹfààní láti mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ náà, torí èédú la lè fi wọn ọjọ́ orí. Èédú tó wà lórí ilẹ̀ alápàáàdì dé lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́ ẹ. Èyí tí ó bò mọ́lẹ̀ ti wà ṣáájú. Láti rí ti abẹ́ láìfọ́ ohunkóhun, ibi tí kòtò ti gé e tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ekùrọ́ tó jóná sàn ju èédú igi lọ, torí inú ìrókò ńlá lè ti dàgbà tó ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gé e. Ẹ fi irin mímọ́ mú un, kì í ṣe ọwọ́, kí ẹ wé e sínú fọ́ìlì. Òwú àti pépà máa ń kó èérún tiwọn bá a.

Ẹ tún wo ara àpáàdì. Bí ẹ bá rí àmì ṣùkù àgbàdo tí wọ́n yí lórí amọ̀, ìkòkò náà kò lè ṣáájú ìgbà tí àgbàdo ti Amẹ́ríkà dé, ìyẹn lẹ́yìn 1500. Àmì okùn lílọ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Alásẹ́

Ìyá Àpáàdì, ẹ jẹ́ ká rọra lórí àpò tútù yẹn. Àpáàdì tí iná ò jẹ dáadáa máa ń rún tó bá ń tutù tó tún ń gbẹ. Ẹ fi tapólì ṣe ibòji, ó tó.

Àbúrò, ẹ ò sọ ihò asẹ́ yín. Mìlímítà 5 á gbé àpáàdì dúró, àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ á jò lọ. Iṣẹ́ akeọ́lọ́jísì Abidemi Babalola nígbó Olókun mú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, ọ̀pọ̀ wọn sì kéré gan-an. Ẹ lo mìlímítà 2, kí ẹ sì fi omi sẹ́ díẹ̀ nínú ilẹ̀ kòtò kọ̀ọ̀kan lórí mìlímítà 1. Ẹ má fi ọwọ́ fọ́ ògúlùtu amọ̀ lórí wáyà. Ẹ ka bọ́kẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ tí ẹ sẹ́, torí 50 àpáàdì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì 4 kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú 50 nínú 20. Ẹ má fọ ìdàrọ́, ẹ má sì fọ ìkòkò tí gíláàsì bá lẹ̀ mọ́ nínú.

Inú ọ̀rá àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni àmì ń wà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ti inú, máàkà máa ń parẹ́ nínú oòrùn.

Ti ìwé kíkọ: bí ẹ bá ti kó ilẹ̀ kúrò, kò ṣeé dá padà, inú ìwé yẹn ni kòtò yín kù sí. Ẹ kọ àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tó tutù, nọ́ńbà inú ìwé Munsell (ìwé tí wọ́n to àwọ̀ ilẹ̀ sí), kì í ṣe “pupa” lásán. Ẹ kọ ohun tó gé ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó wà á, àti ìdí tí ẹ fi dáwọ́ dúró kí ẹ tó dé 60.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún2

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mìlímítà 5 ni asẹ́ wa lóòótọ́. Bí òjò bá wá dé ńkọ́?

Èèkàn_Mẹ́rin

Kí ó tó dé ni kí ẹ ti gbẹ́ ojú àgbàrá yí òkè kòtò ká, kí ẹ sì kó ilẹ̀ tí ẹ sẹ́ jìnnà, ó kéré tán mítà kan sí etí. Ìwúwo rẹ̀ ló máa ń ya ògiri lulẹ̀. Ẹ ta tapólì lórí igi kí ó dagẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á gbára jọ lórí rẹ̀, á sì já. Bí omi bá wọlé, ẹ fi kóńgò gbọ́n ọn láti orí pákó. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dí i pa, iyanrìn tí ẹ ti sẹ́ ni kó kọ́kọ́ bo àpáàdì, kí àpò tó tẹ̀lé e, kí ilẹ̀ tó wọlé.